Ọlidé Ìgbà Ọyẹ́: Láti Papaláńtò dé Orí Olúmọ

  Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, iṣẹ́ wa ò ju pé ká fi òrí pa ara, ká wọ sùwẹ́tà ẹ̀gbọ́n wa, ká wá máa ráhùn. Lójú tiwa, òtútù jẹ́ ohun tí èèyàn ń sá fún. Ẹni tó bá ní òun ń lọ gbádùn òtútù, a ó ní kí wọ́n bá wa wo orí ẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà láyé yìí tí àwọn èèyàn ti ń fi owó gidi wá òtútù lọ. Ìlú kan ni, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, St. Moritz ni wọ́n ń pè é. Àárín àwọn òkè ńláńlá tí wọ́n ń pè ní Alps ló wà, ó sì ga tó nǹkan bíi mítà 1,800 ju òkun lọ. Nígbà òtútù, yìnyín á bo ilẹ̀, á bo òrùlé, adágún omi ìlú náà á sì dì gbagidi débi pé ẹṣin ń sáré lórí ẹ̀. Irọ́ kọ́ o. Láti ọdún 1907 ni wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré ìje lórí adágún yẹn. Àwọn olówó ayé ń wá síbẹ̀ wá ṣe ọlidé. Wọ́n á de pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á gun òkè, wọ́n á wá máa yọ̀ lórí yìnyín bọ̀ wá sísàlẹ̀ fìrì. Bí wọ́n bá ṣubú, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dìde, wọ́n á tún gòkè. Ohun tí wọ́n sanwó fún nìyẹn.

Ìbéèrè tèmi ni pé: ta ló kọ́kọ́ sọ òtútù di ọjà? Báwo ni òkè tí kò mú oúnjẹ jáde ṣe wá di ibi tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé àwa náà ní òkè. A ní Olúmọ. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Papaláńtò láàárọ̀, kí oòrùn tó mú ni yóò ti dé ìdí àpáta náà ní Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni márùn-ún nínú wa tí a jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ ó rí i pé àwọn tí kò gun Olúmọ rí ló máa pọ̀ jù. Àròkọ yìí fẹ́ fi ìtàn ibi méjèèjì ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Mi ò fẹ́ fi tiwa ṣẹ̀sín. Ohun tó kù tí a ò tíì ṣe ni mo fẹ́ ká mọ̀.

ÌLÉRÍ ONÍLÉ

Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ agbègbè St. Moritz, tí wọ́n ń pè ní Engadin, ò rí iṣẹ́ tó tó ṣe nílé. Ilẹ̀ orí òkè kì í mú irè púpọ̀ wá, òtútù sì máa ń pẹ́ nílẹ̀. Àìmọye wọn ló ṣí lọ sí Venice àti àwọn ìlú ńlá mìíràn ní Yúróòpù lọ máa ṣe kéèkì àti oríṣiríṣi ohun dídùn tà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, nítorí ó máa wúlò fún wa níwájú. Àlejò ń wá sí St. Moritz lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà ooru nìkan ni wọ́n ń wá, nítorí omi kan tó ń sun níbẹ̀ tí wọ́n gbà pé ó ń wo àrùn. Bí òtútù bá ti ń sún mọ́lé, kálukú á di ẹrù ẹ̀, ìlú á sì dá páropáro.

Onílé ìtura kan wà níbẹ̀, Johannes Badrutt lorúkọ ẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀ ni pé, ní ọdún 1864, nígbà tí àwọn Òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó wá lò ìgbà ooru lọ́dọ̀ ẹ̀ fẹ́ máa padà sílé, ó bá wọn ta kókó ọ̀rọ̀ kan. Ó ní kí wọ́n padà wá nígbà òtútù. Ó ní oòrùn máa ń ràn lórí yìnyín níbẹ̀ débi pé èèyàn lè bọ́ kóòtù sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Bí wọ́n bá dé tí wọn ò gbádùn ẹ̀, òun á san owó ọkọ̀ wọn àlọ àtàbọ̀. Bí wọ́n bá sì gbádùn ẹ̀, kí wọ́n jókòó títí tó bá wù wọ́n, àlejò òun ni wọ́n. Wọ́n lọ lóòótọ́. Nígbà Kérésì ni wọ́n dé, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí di ìgbà Àjíǹde. Nígbà tí wọ́n délé, oòrùn ti pa wọ́n láwọ̀ dà, ara wọn sì ń dán. Ọ̀rọ̀ bá tàn kálẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Kò kọ́ òkè, kò sì rọ yìnyín. Ohun tó wà nílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, tí àwọn ará ilé ń kà sí ìyà, ló nawọ́ sí tó ní, "Ẹ wá wò ó." Ó sì fi owó ara ẹ̀ dúró fún ọ̀rọ̀ tó sọ. Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò tẹ̀ lé ara wọn. Ní nǹkan bíi 1884 sí 1885, wọ́n ṣe ojú ọ̀nà yìnyín kan tí wọ́n ń pè ní Cresta Run, níbi tí èèyàn ti ń dojú bolẹ̀ lórí pákó kékeré tí á sì ré bí ọfà. Ní 1904, réluwéè dé ìlú náà. Ní 1928, gbogbo ayé péjọ síbẹ̀ fún ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Ní 1948, wọ́n tún padà wá. Ìlú tí àwọn ọmọ ẹ̀ ń sá jáde tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí ọmọ ẹlòmíràn ń tọrọ àyè dé.

ỌDÚN KAN NÁÀ, LỌ́DỌ̀ TIWA

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1864 yẹn. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta? Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, 1864, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, lábẹ́ ọba wọn Glele, gbógun dé ẹnu odi Abẹ́òkúta. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, 1851, nígbà ayé Ghezo tó jẹ́ bàbá Glele, wọ́n ti kọ́kọ́ wá, àti ọkùnrin àti àwọn jagunjagun obìnrin wọn tí òkìkí wọn kàn. Ìgbà méjèèjì ni Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ọdún 1864 yẹn náà ni wọ́n fi Ẹfúnpọ̀róyè Tinúbú jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá, nítorí ipa tó kó nípa ohun ìjà nígbà ogun Dàhòmì.

Nítorí náà, nígbà tí Badrutt ń bá àlejò ṣe àríyànjiyàn lórí bóyá òtútù dùn tàbí kò dùn, àwọn bàbá wa ń sin òkú ogun, wọ́n sì ń tún odi mọ. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń bi wá pé kí ló dé tí àwọn Òyìnbó fi òkè wọn ṣe afẹ́ tí àwa ò fi tiwa ṣe. Òkè tiwa ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Ibi ìsádi ni.

Kí a tó dé ìdí Olúmọ, ìlú kéékèèké ni Ẹ̀gbá ń gbé, wọ́n tàn káàkiri inú igbó Ẹ̀gbá. Ogun tó tẹ̀ lé ìṣubú Òwu ní nǹkan bíi 1820 sókè ló tú àwọn ìlú náà ká. Àwọn tó kù sá dé Ìbàdàn, tó jẹ́ bùdó ogun nígbà náà, wọ́n ń gbé pẹ̀lú àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú. Ibẹ̀ náà ò gbà wọ́n. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, Ẹ̀gbá tún gbéra. Ní nǹkan bíi 1830, lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, wọ́n dé ibi tí àpáta ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Ògùn, ibi tí wọ́n ń pè ní oko Adágbá. Wọ́n wọ abẹ́ òkúta. Ìdí nìyẹn tí ìlú fi ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Àwọn àgbà kan ní ìtumọ̀ Olúmọ ni pé Olúwa ló mọ ọ́n. Àwọn mìíràn ní pé Olúwa fi ìrìn àti ìyà wọn mọ síbẹ̀ ni. Èyí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì, ẹni tó ti rìn títí tó rẹ̀ ẹ́ ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá dé abẹ́ àpáta náà lónìí, ẹ ó rí iyàrá tí wọ́n sá sí. Ẹ ó rí àwọn ihò roboto lára òkúta, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń lọ ohun jíjẹ nígbà tí ogun ń jà níta. Ẹ ro ó wò: ogun ń bọ̀, ọmọ ń sunkún, ìyá kan wà ní kòrò yẹn, ó ń lọ nǹkan. Ihò yẹn jinlẹ̀. Ọjọ́ kan kọ́ ni ihò ń jìn sínú òkúta.

Nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n jáde lábẹ́ òkúta, wọ́n kọ́lé. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà wú mi lórí púpọ̀. Àwọn ará ìlú kọ̀ọ̀kan dúró pọ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú wọn tó ti parun pe àdúgbò tuntun. Ẹni tó bá gba Ìkìjà kọjá, tó dé Ìtòkò, tó lọ sí Kémta, tó yà sí Ìlúgùn, orúkọ ìlú tí ogun fọ́ ló ń pè yẹn. Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá, àti Òwu tó dé lẹ́yìn ní 1834, gbogbo wọn rí àyè. Àpáta kan ṣoṣo gba gbogbo wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní Olúmọ ò ní ìlérí onílé bíi ti Badrutt, ẹ sọ fún un pé ó ní. Olúmọ ti gba àlejò kí St. Moritz tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba tiwọn nígbà òtútù. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

OJÚ IRIN

Ohun kejì tó sọ òkè àwọn Òyìnbó di ibi ìsinmi ni ọ̀nà. Kò sí bí òkè ṣe lẹ́wà tó, bí a ò bá rí ọ̀nà dé ibẹ̀, ojú làá fi wò ó látòkèèrè. Mo ti sọ pé 1904 ni réluwéè dé St. Moritz. Tiwa ṣáájú tiwọn! Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, 1901. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìlú òkè àwọn Òyìnbó ṣì ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó àlejò, ọkọ̀ ojú irin ti ń fọn fèrè nílẹ̀ Ẹ̀gbá.

Nínú ọdún 1904 yẹn kan náà, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ìlú Òyìnbó, ó sì bá ọba wọn, Edward Keje, lálejò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọba Ẹ̀gbá ti fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ tẹ ilẹ̀ òtútù kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá bàbá wa tó dáyé.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n la ojú irin tiwa fún? Ẹrù ni. Òwú, epo, èkùrọ́ àti kòkó ni wọ́n fẹ́ kó wá sétí òkun. Èèyàn ń wọ̀ ọ́ lóòótọ́, pàápàá nígbà ọdún, tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó wà l'Ékòó bá ń bọ̀ wálé pẹ̀lú àpótí àti búrẹ́dì. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rò ó pé kí wọ́n máa fi kó àlejò wá wo àpáta. Ìyàtọ̀ àárín ojú irin tiwọn àti tiwa nìyẹn: tiwọn ń kó èèyàn gòkè wá, tiwa ń kó ẹrù sọ̀kalẹ̀ lọ.

LÍFÌTÌ DÉ OLÚMỌ

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, 1976, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n sọ Olúmọ di ibùdó ìgbafẹ́ ní gbangba. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 2006, nígbà ìjọba Gómìnà Gbenga Daniel, wọ́n tún un ṣe pátápátá. Wọ́n kọ́ ilé oúnjẹ síbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì gbé lífìtì onígíláàsì kalẹ̀ tí yóò máa gbé àgbàlagbà gòkè. Ààrẹ Olusegun Obasanjo, tó jẹ́ ọmọ Òwu, ló wá ṣí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ò fẹ́ràn lífìtì yẹn. Wọ́n ní ojúbọ wà lára àpáta náà, owó ẹyọ àti ìyẹ́ adìyẹ wà lára ògiri, àwọn ìyá àgbà sì wà níbẹ̀ tí ń tọ́jú òrìṣà. Wọ́n ní kí ló kan gíláàsì níbẹ̀? Mo gbọ́ tiwọn. Àmọ́ mo tún ro ti ìyá ìyá mi, ẹni tí orúnkún ń dùn. Bí kò bá sí lífìtì, ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà rí òkè ibi tí àwọn baba ńlá ẹ̀ ti wo ogun lọ́ọ̀ọ́kán? Ohun tó yẹ ká bínú sí ni pé a gbọ́ nínú ìròyìn lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹ̀rọ náà ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá pe àlejò gbọ́dọ̀ tún ilé ṣe. Badrutt ò lè ní kí àlejò wá kó wá gbàgbé láti dá iná sí ààrò.

Kí ni àlejò máa rí bó bá gòkè? Olúmọ ò ga bíi St. Moritz, mítà 137 péré ló fi ga ju òkun lọ. Ṣùgbọ́n bó o bá dúró sórí ẹ̀ nígbà ọyẹ́, láàárọ̀, ohun tó o máa rí ò sí ní Alps. Ìkùukùu ọyẹ́ á bo gbogbo ìlú, òkè páànù tó ti pọ́n kúkú á máa yọrí díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹ̀. Odò Ògùn á máa tàn lọ́nà jíjìn. Wàá rí ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter ní Aké, tí wọ́n ń kà sí ilé ìjọsìn Kìrìsìtẹ́nì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà. Nísàlẹ̀, wàá gbọ́ ariwo ọjà Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Bó o bá sì wo orí àwọn àpáta kéékèèké tó wà káàkiri ìlú, wàá rí láfún tí wọ́n sá, funfun báláú. Ìyẹn ni yìnyín tiwa. Tiwọn ń yọ́, tiwa ń di ọkà.

Ẹni tó bá fẹ́ òkè tó ga gan-an ní Nàìjíríà, kó lọ sí Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River, tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,600. Oko màlúù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ní 1951, ó wá di ibi ìsinmi, wọ́n sì gbé ọkọ̀ orí okùn sí i ní 2005. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ìtàn tó wà lábẹ́ Olúmọ, mi ò rò pé òkè kankan ní Nàìjíríà ní jù ú lọ.

ẸNI TÓ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Mo ti sọ ohun méjì: ìlérí onílé, àti ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àwa tí a ń ka ìwé yìí. Ìwé ni.

Ní 1894, Arthur Conan Doyle, ẹni tó kọ ìtàn Sherlock Holmes, ń gbé ní Davos, ìlú òkè mìíràn ní Switzerland, nítorí àìlera ìyàwó ẹ̀. Ó tẹ̀ lé àwọn tẹ̀gbọ́ntàbúrò méjì kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú náà, Branger lorúkọ wọn, wọ́n fi pákó ẹsẹ̀ yẹn gba orí òkè kọjá láti Davos dé Arosa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kà á, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn. Ní 1924, Thomas Mann tó jẹ́ ará Jámánì gbé ìwé ìtàn àròsọ ńlá kan jáde tí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Davos. Títí dòní, àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa yìnyín ń lọ síbẹ̀ nítorí ìwé yẹn. Ẹ ṣàkíyèsí o: àwọn Branger ló mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ni orúkọ ẹ̀ ròkè.

Àwa ńkọ́? Lẹ́tà kọ́ la fi jìn. Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá ti jáde, Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, 1859. Ní 1863, Richard Burton, Òyìnbó arìnrìn-àjò, gbé ìwé jáde lórí ìrìn-àjò ẹ̀ sí Abẹ́òkúta àti àwọn òkè Kamẹrúùnù. Ní 1981, Wole Soyinka, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1934, kọ Aké nípa ìgbà èwe ẹ̀. Ìwé yẹn ti gbé Aké dé ibi tí mọ́tò kankan ò lè gbé e dé.

Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Burton àti Soyinka fi kọ tiwọn. Ní èdè tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn fi ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ òkúta, kí la ti kọ? Àwọn tó ń mú àlejò gun Olúmọ ń sọ ìtàn, wọ́n sì ń gbìyànjú. Àmọ́ agboolé kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ tí kò sí lẹ́nu wọn. Àwọn Ìkìjà ní tiwọn, àwọn Òwu ní tiwọn. Àwọn tó mọ ọ́n ti darúgbó. Bí wọ́n bá lọ tán, lífìtì á ṣì máa gbéni gòkè, ṣùgbọ́n bí a bá gòkè tán, kí la máa rí sọ?

ÀWỌN ỌMỌ WA LÓRÍ YÌNYÍN

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òtútù kì í ṣe tiwa. Ní oṣù Kejì, 2018, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang, Korea, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà mẹ́ta wà níbẹ̀ fún bobsleigh, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ń tì lórí yìnyín kí wọ́n tó bẹ́ sínú ẹ̀: Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga. Àwọn ni ẹgbẹ́ bobsleigh àkọ́kọ́ láti gbogbo Áfíríkà níbi ìdíje náà. Simidele Adeagbo sì wà níbẹ̀ fún skeleton, eré tí wọ́n ti ń dojú bolẹ̀ lórí pákó. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa ṣe é ní Òlíḿpíìkì. Seun, tó ti sáré fún Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, ló fi igi kan ọkọ̀ ìdánrawò tí wọ́n kọ́kọ́ lò, ní Houston níbi tí yìnyín kì í ti í sábà bọ́. Ní 2022, Samuel Ikpefan fi pákó ẹsẹ̀ sáré lórí yìnyín fún Nàìjíríà ní Beijing.

Wọn ò gba góòlù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bobsleigh àti skeleton yẹn, St. Moritz ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Eré tí àwọn àlejò Badrutt fi ń pa ọjọ́ lọ́dún náà lọ́hùn-ún, Adigun àti Adeagbo ti bá wọn ṣe é lójú gbogbo ayé.

PAPALÁŃTÒ ŃKỌ́?

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi máa bi mí pé kí ló kan Papaláńtò. Ó kàn án. Ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá ni wá. Ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta, ẹni tó ń lọ sí Ìlaròó, ẹni tó ń yà sí Ṣàgámù, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń yà. Wọ́n á ra nǹkan jíjẹ láti ojú fèrèsé mọ́tò, wọ́n á lọ. Tòsí wa ni Ewékorò, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá ní òkúta méjì: ọ̀kan tí à ń gùn, ọ̀kan tí à ń wà. Èyí tí à ń wà ti kọ́ ilé káàkiri Nàìjíríà. Ní 2015, ilé iṣẹ́ Faransé tó ni ìpín tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ dà pọ̀ mọ́ Holcim, ilé iṣẹ́ Switzerland. Ní oṣù Kejìlá, 2024, wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ ta ìpín náà fún ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà. Ṣé ẹ rí i, orílẹ̀-èdè Badrutt àti ilẹ̀ wa ti jọ dòwò òkúta pọ̀.

Ẹ rántí àwọn ọ̀dọ́ Engadin tó ń lọ ta kéèkì nílùú onílùú? Àwa náà nìyẹn. Bí a bá ti gba ìwé ẹ̀rí tán, Èkó ni. Mi ò bú ẹni tó lọ. Ṣùgbọ́n òkúta tí à ń wà, ọjọ́ kan ló máa tán. Èyí tí à ń gùn ò ní í tán, bí a bá mọ ìtàn ẹ̀ tí a sì mọ bí a ṣe ń pe àlejò.

Ọ̀nà sì tún ti là. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn. Orúkọ Wole Soyinka ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta. Orúkọ Funmilayo Ransome-Kuti, akọni obìnrin tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ tako owó orí, ni wọ́n fi sọ ti Papaláńtò. Ẹ̀yin tèmi, wọ́n ti fi orúkọ ńlá sí wa lọ́rùn. Ìyẹn náà tó ohun tí èèyàn fi ń pe àlejò.

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Ọlidé ọyẹ́ yìí, kí ẹni tó bá wà nítòsí gun Olúmọ lẹ́ẹ̀kan, kó mú bíró àti ìwé dání. Kó fọwọ́ kan ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan yẹn. Lẹ́yìn náà, kó délé bi ìyá àgbà ẹ̀ pé: "Ìyá, nínú gbogbo ìlú tí ogun fọ́, èwo ni tiwa? Ta ló kó wa débí?" Ohun tí wọ́n bá sọ, kó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó má fi Gẹ̀ẹ́sì tún un ṣe. Kó mú un wá fún ẹgbẹ́ wa, ká tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí, ká ṣe ẹ̀dà ẹ̀, ká pín in.

Badrutt fi owó ọkọ̀ dúró fún òtútù ìlú ẹ̀. Èmi ò lówó ọkọ̀ tí mo lè san fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gòkè tí kò gbádùn ẹ̀, kó wá bá mi. Mo gbà láti ra àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná fún un ní Papaláńtò nígbà tó bá ń padà bọ̀. Òtútù á ti mú un, ó kéré tán.